Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Kò Dáhùn Lábẹ́ Ọkọ̀

Nígbà tí wọ́n ṣì ń pè mí ní ìyàwó nínú agbo ilé yìí, tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu… ẹ jókòó ná. Wàsíù, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, fi sípánà yẹn sílẹ̀. Mo ti rí páálí tí o tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀. Mo rí fóònù tí o gbé ti táyà, tí òyìnbó kan ń nàka sí irin nínú rẹ̀. O ní kílọ́ọ̀ṣì ló bàjẹ́, o ní fídíò yẹn ló máa kọ́ ọ bí o ṣe máa tú u. Ó dáa. Mi ò ní kí o má tú u. Ọmọ tó ti ń fá irùngbọ̀n, ta ló máa dá a dúró? Ṣùgbọ́n kí o tó wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Sìkírá, ìwọ náà, yí iná gáàsì yẹn wálẹ̀, kí o wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀rọ̀ bàbá yín àgbà ni. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí, torí pé tí mo bá ń sọ ọ́, àyà mi á tún máa já.

Ẹ gbọ́. Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n gbé mi níyàwó wá kọ́ lẹ ń wò yìí. Nígbà yẹn, tí mo bá jáde nílé yìí ní Olówógbowó, tí mo ń lọ sí Èbúté Èrò, ẹnu mi kì í sinmi. Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ọjà. Bí mo bá fo ẹnì kan, kí n tó dé ilé, wọ́n ti fi ẹjọ́ mi sùn. "Ìyàwó yín kọjá lára mi láàárọ̀, kò kí mi." Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀ ń kọjá lára ara yín bí ẹni ń kọjá lára ògiri. Ẹ ti di nǹkan sétí, ẹ̀ ń mi orí.

Àti pé ìdáhùn tún wúwo ju ìkíni lọ. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ kí i, ì báà jẹ́ àgbà. Àgbà á ní, "Kú iṣẹ́ o." Ọmọdé á ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó tán. Ṣùgbọ́n kí àgbà kí ọmọdé, kí ọmọdé dákẹ́… a, odì ló ń yàn nìyẹn. Ìjà ti wọ ilé nìyẹn. Wọ́n á pe ẹbí jọ lórí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ wà lórí rẹ̀.

Bàbá yín àgbà, fíríìjì ló ń tún ṣe. Fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ọ́fíìsì kan ló gbà á síṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúbú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dákẹ́ tó yẹn, kò sí ẹni tó kí i rí tí kò dá lóhùn. Mo lè búra. Tó bá ń sùn, tí mo bá rọra wọlé, tí mo ní ẹ kú oorun, á dáhùn, ojú rẹ̀ á wà ní dídì. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ra ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ni, àwọ̀ ewé. Inú wa dùn, kí ni kí n máa pa irọ́ fún? Òun ló máa ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mi ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lábẹ́ rẹ̀. Tó bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì báyìí, á máa han, bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata gbígbẹ. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́. Mo ní, Bàbá Sẹ̀míù, ẹ jẹ́ ká fi í han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun máa wá àyè. Ibi tó ti ń wá àyè náà ni ọkọ̀ ti wọ àárín àgbàlá yìí lọ́jọ́ kan, níbi tí a jókòó sí yìí gan-an, tó dúró, tí kò gba gíà mọ́. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó kàn ń ha ni.

Ó ní, "Béárìn kílọ́ọ̀ṣì ló ti fọ́."

Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbà tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Róbótó báyìí ni, kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n àárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ló sá pamọ́ sí. Ọwọ́ kò lè dé e, àfi kéèyàn kọ́kọ́ sọ gbogbo gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Níbẹ̀ yẹn gan-an. Mo ní tí irin bá wà lókè, tí ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, orí ta lẹ fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ sí? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa fi okùn gbé e rọ̀. Ẹ wò ó, ẹni tó bá ti ń di sípánà mú, tí fíríìjì ń gbọ́ tirẹ̀, ó máa ń rò pé gbogbo irin ló máa gbọ́ tirẹ̀. Wàsíù, mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò pe mẹ́káníìkì. Ó pè é. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, mẹ́káníìkì ti lọ sílé bàbá rẹ̀, kò tíì dé. Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn kò tì í jáde. Wọ́n tì í. Ẹ wo géètì yẹn, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe gòkè síbẹ̀. Bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Gbogbo ọkùnrin ilé yìí tì í débẹ̀, ó yí padà sí wọn, díẹ̀ ló kù kó tẹ ẹsẹ̀ ẹnì kan. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìbá sì dúró síbẹ̀ títí mẹ́káníìkì á fi dé, kì í jẹ, kì í mu. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé a ní fìdáù lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá Ńlá ni olórí ẹbí nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ti kú, a fẹ́ ṣe àdúà ogójì ọjọ́ fún wọn. Àgbàlá yìí ni àwọn àfáà máa jókòó sí. Ọkọ̀ wá jókòó síbẹ̀ ṣáájú àfáà.

Wọ́n ti kírun Jímọ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì ni Bàbá Ńlá dúró níwájú ọkọ̀ yẹn. Gbogbo ìyàwó ilé wà níta. Wọ́n ní, "Ṣé orí èyí ni kí àwọn àfáà gùn jókòó?" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Wọ́n ní, "Èmi ò bínú. Àwa tí kò ní ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kó bínú. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀la ní ìrọ̀lẹ́, kí n má rí i níbí mọ́." Wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kàn ní, "Màá tú u lọ́la."

Bó ṣe di ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Ó kírun Àsùbá, ó bọ́ sí ṣòkòtò iṣẹ́. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, ó fi pákó lé e, ó wá fi okùn gbé gíábọ́ọ̀sì rọ̀ láti òkè ẹ́ńjìnnì. Èmi dúró, mò ń wo jáàkì. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Yanrìn ni. Ẹ wa á díẹ̀, omi á yọ. Mo rí i pé jáàkì ń rì. Mo ní ó ń rì o. Ó yọ ọ́, ó wá pákó tó fẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹ mi ọkọ̀ náà wò. Ó mì í, kò yẹ̀. Mo ní ẹ tún un mì. Ó wò mí. Ó ní, "Lọ ṣe iṣẹ́ ilé rẹ, jàre."

Mo lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lọ jìnnà. Ohun tí mo ṣe nìyí. Bí mo bá ti kọjá, mà á kí i. Mo ń gbé omi lọ, mà á ní ẹ kú iṣẹ́ o. Á ní, "Òo, o ṣé." Mo ń da omi ìfọṣọ nù, ẹ kú iṣẹ́ o. "Òo." Mo ń pààrà ibi tí kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, tó yọ síta, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀ títí mà á fi dé ẹ̀yìnkùlé. Tí mo bá ti dé ẹ̀yìnkùlé, kò ní balẹ̀ mọ́.

Nígbà tí oòrùn ti gun òkè dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé omi fún un. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó ní òun ti tú gbogbo bóòtù tó di gíábọ́ọ̀sì mú, ó ku ẹyọ kan. Ó ní òkè ló wà, níbi tí ojú kò lè rí, òun kàn ń fi ìka wá a ni, bí ìgbà téèyàn ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹní. Mo ní ẹ jáde ẹ sinmi. Ó ní tí òun bá jáde, ara máa kọ̀ láti wọlé padà. Ó ní, "Ṣé o kò lọ sí ọjà mọ́ ni?"

Ẹ̀wà àti epo sàráà ni mo fẹ́ rà ní Èbúté Èrò. Mo ní ẹ jẹ́ n dúró títí ẹ ó fi yọ bóòtù yẹn tán. Ó ní, "Lọ, kí wọ́n má tún sọ pé ìyàwó mi náà ń dí iṣẹ́ ẹbí lọ́wọ́." Mo ní tí mo bá lọ, ta ló máa máa kí yín? Ó ní, "Gbogbo ilé ló ń kí mi. Mo sì ń dáhùn."

Mo lọ. Mi ò fẹ́ lọ, mo lọ.

Mi ò lè sọ fún yín bí mo ṣe rìn lọ sí Èbúté Èrò lọ́jọ́ yẹn. Oníbàárà mi ń wọn ẹ̀wà, èmi ń wo ojú ọ̀nà. Àwọn aláàárù já àpò ìrẹsì kan bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, ó lu ilẹ̀ gbì, ni mo bá di apá oníbàárà mi mú. Ó ní, "Ìyàwó, kí ló dé?" Mo ní kó máa bá mi dì í. Mi ò ra epo mọ́. Mo gbé ẹ̀wà lérí, mo yí padà sílé. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n ń kí mi, mò ń dáhùn, mi ò mọ ẹni tí mò ń dá lóhùn. Mò ń rí ọkọ̀ yẹn tó ń yẹ̀ kúrò lórí pákó. Mò ń rí jáàkì tó ń rì.

Mo wọ géètì. Ọkọ̀ ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù, kò yẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo mí. Mo ní alihamudu lilahi nínú ọkàn mi.

Àfi bí mo ṣe rí i pé ilé dákẹ́. Bàbá Ńlá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n dì í mú lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé inú ń bí wọn nìyẹn. Ìyá Ìjẹ̀ṣà dúró tì wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ni ayálégbé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú, òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílé yìí ju èmi lọ. Ó rí mi, ó sáré pàdé mi.

Ó ní, "Ìyàwó, bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ o. Èyí tó ṣe yìí kò dáa."

Mo ní kí ló ṣe?

Ó ní, "Bàbá kí i, kò dáhùn. Èmi náà ti kí i ṣáájú, nígbà tí mò ń lọ pọn omi. Kò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ àná ló ṣì ń dùn ún, mo bá tèmi lọ."

Bàbá Ńlá gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n ní, "Jẹ́ n fẹnu ara mi sọ fún un. Èmi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Mo rò ó pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá ti le jù. Mo dìde, mo lọ bá a, mo ní kú iṣẹ́ o. Ó dákẹ́. Mo tún ní kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó mi ẹsẹ̀ sí mi. Ẹsẹ̀. Mo kí i, ó fi ẹsẹ̀ dá mi lóhùn."

Ẹ gbọ́ o. Títí dòní, tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, gbogbo ara mi á tutù. Ó fi ẹsẹ̀ dá mi lóhùn. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, ìwọ̀sí ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ sí àgbà nílẹ̀ yìí, kí ló tún kù tí kò ní ṣe? Wọ́n kò ṣe àṣejù, bí a ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá a gbé, mo mọ̀ pé Bàbá Sẹ̀míù kò lè mi ẹsẹ̀ sí Bàbá Ńlá láéláé. Bí inú rẹ̀ bá ń ru, á ní ẹ ṣé, sà, á wá lọ bínú sínú yàrá. Ọkùnrin tó ń dáhùn lójú oorun. Kí ló lè mú kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó lè mì?

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀wà bọ́ lérí mi. Bàbá Ńlá ṣì ń sọ̀rọ̀, mo kọjá níwájú wọn, mi ò kúnlẹ̀, mi ò tọrọ ọ̀nà. Mo dé ibi ọkọ̀. Mo ní, Bàbá Sẹ̀míù, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó dákẹ́.

Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Díẹ̀ báyìí. Ìka ẹsẹ̀ ló mì.

Mo dojú bolẹ̀ nínú ọ́ìlì. Mo kọ́kọ́ wo jáàkì. Jáàkì dúró. Búlọ́ọ̀kù dúró. Gbogbo ohun tí mo ti ń fi ojú ṣọ́ láti òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ dúró digbí. Gíábọ́ọ̀sì ló wà lórí àyà rẹ̀. Odidi irin yẹn. Bóòtù tí kò rí yẹn ti jáde, irin ti yọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, okùn tó fi so ó ti fà, irin jókòó lé e láyà, ó tẹ apá rẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Bí okùn yẹn ṣe ṣì ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ kó máa rí èémí tín-ín-rín fà. Èémí tó ń rí fà kò tó èyí téèyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń wò mí. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sí ohùn níbẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ bu omi fún mi.

Mo ké. Mi ò mọ ohun tí mo ké. Gbogbo ilé sáré wá. Àbúrò ọkọ mi kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó fẹ́ fà á jáde. Èmi tí mo wà nísàlẹ̀ rí i pé tó bá fà á, irin á máa yí lọ sí ọrùn rẹ̀. Mo ní fi í sílẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, èmi ìyàwó tí mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ àbúrò ọkọ, mo pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní okùn ni kí ẹ fà, ẹ fà á láti òkè.

Bàbá Ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ dé ibi okùn. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ti tẹ̀. Wọ́n bọ́ agbádá jùnù, wọ́n sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n wé okùn mọ́ ọwọ́, wọ́n ń fà, wọ́n ń ní bísímílà, bísímílà. Àwọn ọkùnrin ilé dì í mú lẹ́yìn wọn. Mo rí i tí irin gbéra díẹ̀. Mo ti wọ abẹ́ ibẹ̀ nígbà náà, èmi àti ìró nídìí, mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ó yí kúrò. Ìgbà yẹn ni mo ní ẹ fà á wàyí.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó fa èémí kan, ó dún nínú rẹ̀ bí aṣọ tó ń ya. Bàbá Ńlá kúnlẹ̀ tì í. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ mi yí ojú sí wọn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, èmi tí mo wà níbẹ̀ ni mò ń sọ fún yín, ó rọra sọ ọ́, ó ní, "Bàbá, mo dáhùn."

Bàbá Ńlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò rí àgbà ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Egungun ìhà rẹ̀ ti kán, ọwọ́ rẹ̀ wú, ó pẹ́ kó tó lè dìde jókòó fúnra rẹ̀. A ṣe fìdáù náà lọ́jọ́ kejì. Àwọn àfáà jókòó yí ọkọ̀ ká. Bàbá Ńlá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mẹ́káníìkì dé láti ilé, ó sọ béárìn tuntun sí i láàárín àgbàlá yìí, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń pe ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ náà tún rìn fún ìgbà pípẹ́. Èmi ò wọ̀ ọ́ mọ́. Tí a bá ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, mà á wọ bọ́ọ̀sì.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà kó tó lè sọ ohun tó rí lábẹ́ ibẹ̀ fún mi. Mo bi í pé ìgbà wo ni ẹ̀rù bà á jù, ṣé ìgbà tí irin bọ́ ni. Ó ní rárá. Ó ní nígbà tí irin bọ́, òun ní ẹnì kan á tó kọjá, wọ́n á kí òun. Ó ní òun gbọ́ ohùn Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Inú òun dùn. Ẹ gbọ́ o, inú rẹ̀ dùn lábẹ́ irin. Ó ní òun la ẹnu, kò sí ohùn. Ó ní òun rí bàtà rẹ̀ tó dúró díẹ̀, tó sì lọ. Ìgbà tí Bàbá Ńlá dé, ó ní òun rí ẹsẹ̀ wọn, òun mọ bàtà wọn, ó wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí òun ìbá fi ọwọ́ kàn án tí ọwọ́ bá lè kúrò níbi tó wà. Ó ní òun kó gbogbo agbára tó kù jọ, òun fi mi ẹsẹ̀. Ó ní òun wá gbọ́ tí wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Òun rí bàtà náà tó yí ẹ̀yìn padà. Ó ní ìgbà yẹn ni. Ó ní ìgbà yẹn ni òun mọ̀ pé òun máa kú, pé àwọn èèyàn òun máa yí òun ká, wọ́n á máa bínú sí òun títí òun á fi kú.

Sìkírá, má sunkún. Kò kú lọ́jọ́ yẹn. Ó wà láyé, ó sin bàbá yín lọ sí yunifásítì, ó rí Wàsíù.

Èmi ni ẹ̀rù yẹn kò fi sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe láti ọjọ́ náà lọ? Mò ń kí i. Tó bá ti dákẹ́ díẹ̀ ní yàrá, mà á yọjú. Ẹ kú ìjókòó o. Á ní, "Òo." Tó bá ń wẹ̀, tí mi ò gbọ́ ìró omi, mà á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ kú ìwẹ̀ o. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo wà níbí." Ó mọ ìdí rẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Àwọn ará ilé ní ìyàwó yìí ń kí ọkọ rẹ̀ jù. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń kí i.

Lọ́jọ́ tó fi ayé sílẹ̀, ó ti kírun Àlàásárì, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Mo kọjá, mo ní ẹ kú ìsinmi o. Ó dákẹ́. Mi ò pariwo. Mo rìn padà, mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó tì í pẹ́ kí n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Ẹ ò kí ara yín mọ́, ẹ ní ìyẹn náà ò pa èèyàn. Bóyá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Ẹni tí ẹ bá kí tí kò bá dáhùn, ẹ má kọ́kọ́ bínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Tí ẹ bá wò ó tán tí ẹ rí i pé odì ló ń yàn lóòótọ́, ẹ ṣì lè bínú nígbà náà, ìbínú kì í tán.

Ó yá, Wàsíù, dìde. Mo ti mọ̀ pé o ò ní gbọ́, wàá wọ abẹ́ ibẹ̀. Bá mi gbé àga mi súnmọ́ ọkọ̀ yẹn. Sún un sí i. Eegun mi ò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, etí nìkan ló kù fún mi. Mà á máa kí ọ, mi ò ní sinmi. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, máa dá mi lóhùn.